Ilẹ̀ Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Rà

Ẹni tó bá wọ gbọ̀ngàn kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́jọ́ tí àwọn olólùfẹ́ eré ogun orí tábìlì bá pé jọ, àwọn ọmọ ogun kéékèèké ni yóò kọ́kọ́ gba ojú rẹ̀. Ìdúró wọn kò ju nǹkan bíi mìlímítà 28 lọ, síbẹ̀ wọ́n ti kùn wọ́n láti orí fìlà dé orí bọ́tìnnì aṣọ. Kó wá wo abẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Aṣọ aláwọ̀ ewé kan ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀, wọ́n ki ìwé méjì-mẹ́ta bọ abẹ́ rẹ̀ kó lè jọ òkè, páálí bisikíìtì tí wọ́n gé fèrèsé sí lára ni wọ́n sì ń pè ní ilé. Ẹni tó ni àwọn ọmọ ogun yẹn ti ná ọgọ́rọ̀ọ̀rún pọ́n-ùn lé wọn lórí, ó ti fi oorun du ara rẹ̀ nítorí wọn. Ẹ bi í léèrè ilẹ̀ tí wọ́n dúró lé, yóò ní ẹ̀ṣọ́ nìyẹn, pé bówó bá ṣẹ́ kù, òun á ra díẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn gbà nìyẹn: ọmọ ogun ni eré, ilẹ̀ kàn ń fi tábìlì ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ ni. Wọ́n á tún fi kún un pé ilẹ̀ tí wọ́n fi résìnì ṣe, ìyẹn àwọn àlàpà ilé, afárá, odi àti ṣọ́ọ̀ṣì wíwó tí wọ́n dà nínú mọ́ọ̀dù, ohun olówó ni, tàbí ohun ọ̀lẹ tí kò fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́. Mo ta ko èrò méjèèjì. Ilẹ̀ ló yẹ kó ṣíwájú nínú owó àti nínú ìrònú ẹni tó bá fẹ́ ta eré yìí, résìnì tó wúwo dáadáa sì wà lára ohun tó dára jù lọ tí owó náà lè rà.

Ẹni tó bá ti ta lúdò rí á tètè mọ bí eré náà ṣe ń lọ. Ẹgbẹ́ méjì dojú kọ ara wọn. Tépù ni wọ́n fi ń wọn ìrìn, dáìsì ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ọta bà tàbí ó tàsé. Ẹ jẹ́ ká mú Bolt Action, eré Ogun Àgbáyé Kejì tí ilé-iṣẹ́ Warlord Games ìlú Nottingham àti Osprey jọ gbé jáde lọ́dún 2012. Nínú òfin tó kọ́kọ́ jáde yẹn, sójà tó bá yìnbọn ní láti rí 3 tàbí iye tó jù ú lọ lórí dáìsì kí ọta rẹ̀ tó bà. Bí ọ̀tá bá wà lẹ́yìn igbó, wọ́n á yọ 1 kúrò nínú iye tí dáìsì gbé wá. Bó bá wà lẹ́yìn ògiri òkúta, wọ́n á yọ 2. Ìyẹn ni pé nínú ìbọn 10 tí mẹ́fà tàbí méje ì bá bà ní gbangba, mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré ni yóò bà. Ògiri tí kò ga ju àyà ọmọ ogun lọ ti gba ìdajì agbára ìbọn lọ́wọ́ ẹni tó ń yìn ín. Ṣé ohun tó lè ṣe èyí ni ẹ̀ṣọ́?

Ẹ wá mú ògiri náà kúrò. Gbogbo sójà ló ń rí gbogbo sójà láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Ẹni tí ìbọn rẹ̀ jìnnà jù, tí dáìsì rẹ̀ pọ̀ jù, òun ló máa borí; inú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ra ọmọ ogun ni ogun ti parí, ohun tí wọ́n ń ṣe lórí tábìlì kò ju ìṣirò lọ. Ṣùgbọ́n bí ọgbà èso bá wà lápá òsì, tí ilé oko kan wà láàárín, tí ọ̀nà sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ìbéèrè bẹ̀rẹ̀. Ṣé kí n gba ojú ọ̀nà kí n tètè dé, kí ìbọn ọ̀tá sì rí mi kedere? Àbí kí n gba inú ọgbà jẹ́jẹ́, kí eré sì tán kí n tó débẹ̀? Ìbéèrè yẹn gan-an ni eré. Ilẹ̀ ló ń bi wá, ọmọ ogun kò lè bi wá ní irú rẹ̀.

Normandy nílẹ̀ Faransé, oṣù kẹfà àti oṣù keje ọdún 1944, ni ẹ̀rí mi. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó gúnlẹ̀ síbẹ̀ bá àwọn oko kéékèèké pàdé, tí àwọn àgbẹ̀ ti mọ òkìtì iyẹ̀pẹ̀ yí ká láti ọjọ́ pípẹ́. Igi ti hù lórí òkìtì wọ̀nyí, gbòǹgbò sì ti dì wọ́n pinpin, débi pé táǹkì tó bá fẹ́ gùn ún kọjá á kọ́kọ́ gbé ikùn sókè, níbi tí irin rẹ̀ ti fẹ́lẹ́ jù, fún ọ̀tá láti yìn. Sajẹńtì Curtis Culin wà lára àwọn tó mú un wá pé kí wọ́n wẹ́ẹ̀dì eyín irin mọ́ iwájú táǹkì kó lè gún òkìtì náà já, ara irin tí àwọn ará Jámánì rì sí etíkun láti dí ọ̀nà ni wọ́n sì ti gé eyín náà. Táǹkì wà, ìbọn wà, bàlúù wà lókè. Òkìtì iyẹ̀pẹ̀ oko àgbẹ̀ ló dá wọn dúró fún ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀. Ẹni tó bá ra táǹkì Sherman mẹ́rin àti sójà ẹ̀kún àpótí kan, tó wá tò wọ́n sórí aṣọ aláwọ̀ ewé tó ní òun ń ta Normandy, orúkọ ibẹ̀ nìkan ló yá lò.

Àwọn tó dá irú eré yìí sílẹ̀ kò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ilẹ̀. Johann Hellwig, olùkọ́ kan ní Brunswick nílẹ̀ Jámánì, ló sọ ṣẹ́ẹ̀sì di eré ogun lọ́dún 1780, ohun tó sì mú tirẹ̀ yàtọ̀ ni pé ó kun ojú pátákó náà: àwọ̀ kan fún òkè, òmíràn fún omi, òmíràn fún àbàtà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Georg Leopold von Reisswitz ti ilẹ̀ Prussia dé. Orí iyanrìn ni òun ti kọ́kọ́ ń ta eré tirẹ̀. Nígbà tí Ọba Friedrich Wilhelm Kẹta gbọ́ nípa rẹ̀ tó fẹ́ rí i, Reisswitz wò ó pé wọn kì í gbé iyanrìn síwájú ọba. Ó lọ kan tábìlì ńlá, ó sì fi P.O.P., irú èyí tí àwọn oníṣẹ́ fi ń ṣe àjà ilé lónìí, mọ ilẹ̀ ní abala-abala: abala tí odò gbà kọjá, abala tí ọ̀nà gbà kọjá, òkè, abúlé, igbó. Ó kùn wọ́n, ó sì ṣe wọ́n kí wọ́n ṣeé tún tò bó bá ṣe wu ẹni tó ń ta. Lọ́dún 1812 ló gbé e fún ọba. Àwọn ọmọ ogun inú eré yẹn ńkọ́? Búlọ́ọ̀kù kéékèèké tí wọ́n sàmì sí lára ni wọ́n. Ọkùnrin náà ní gbogbo àǹfààní láti gbẹ́ sójà tó ní irùngbọ̀n àti bàtà, kó fi wú ọba lórí. Ilẹ̀ ló ná ọgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ lé. Ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ ọ̀gá sójà ló tún òfin náà kọ lọ́dún 1824, tó gbé e sórí máàpù kí àwọn ọ̀gágun lè máa fi kọ́ṣẹ́. Máàpù náà, kí ni bí kò ṣe ilẹ̀?

Ọ̀dọ̀ H. G. Wells, òǹkọ̀wé ará Gẹ̀ẹ́sì, ni eré náà ti dé ọwọ́ ará ilé, pẹ̀lú ìwé rẹ̀ Little Wars lọ́dún 1913. Òun náà fi ìwé ńláńlá ṣe òkè nígbà tó bẹ̀rẹ̀, lórí kápẹ́ẹ̀tì. Kò pẹ́ tó fi rí i pé ìyẹn kò tó. Ó bọ́ sórí búlọ́ọ̀kù onígi àti pákó, ó ṣẹ́ ẹ̀ka igi wá láti inú ọgbà, ó sì ṣe ilé. Òfin kan tó wá fi lélẹ̀ ni mo fẹ́ kí àwọn alátakò mi rò dáadáa: ilé orí ilẹ̀ gbọ́dọ̀ kún fọ́fọ́, kò gbọ́dọ̀ ní ihò tí ẹnikẹ́ni á ki sójà bọ̀, nítorí ọ̀rọ̀ á dojú rú. Ó ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún tí Wells ti mọ̀ pé ilẹ̀ tí kò ṣe pàtó ń dá ìjà sílẹ̀. Ẹni tó bá ti rí àgbàlagbà méjì tó dá eré dúró nítorí páálí bisikíìtì, tí ọ̀kan ní inú ilé ni sójà òun wà, tí èkejì ní ẹ̀yìn ilé ni, mọ ohun tí ọkùnrin náà ń sọ. Peter Gilder, olùta eré yìí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, náà mọ̀ ọ́n. Ibùdó tó dá sílẹ̀ ní Yorkshire, ọ̀nà jíjìn ni àwọn olùta eré ti ń wá síbẹ̀ láti lo ìsinmi wọn, kí wọ́n ṣáà lè ta lórí ilẹ̀ tó dáa.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó wàyí, torí ibẹ̀ ni àwọn tó bá ń jiyàn máa ń sá sí. Wọ́n ní ògiri résìnì wọ́n. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo owó ọmọ ogun ná. Warhammer 40,000 ti Games Workshop, tó kọ́kọ́ jáde lọ́dún 1987, gba òfin tuntun lọ́dún 2017, ó gba òmíràn lọ́dún 2020, ó tún gba òmíràn lọ́dún 2023. Bí òfin bá ti yí báyìí, ọmọ ogun tó jẹ́ akọni lánàá lè di aláìwúlò, ẹni tó sì fẹ́ máa borí á tún tọwọ́ bọ àpò. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan náà fi Age of Sigmar rọ́pò Warhammer ti idà àti ọfà lọ́dún 2015, ibi tí ọmọ ogun ń dúró lé pàápàá kò ṣẹ́ kù láìyí: pẹpẹ onígun mẹ́rin di róbótó, àwọn ènìyàn sì ń fi ọ̀bẹ yọ ọmọ ogun wọn kúrò lórí pẹpẹ àtijọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilé ìṣọ́ tó dá wó sí igun tábìlì wọn lọ́jọ́ náà, òfin kankan kò kàn án. Ó ṣì dúró, ó ṣì ń dí ojú, ó ṣì ń gba ọta sára. Àlàpà òkúta kan náà wúlò fún eré Mordheim ti ọdún 1999, ó wúlò fún eré Frostgrave ti ọdún 2015, ẹni tó bá sì ń ta ogun Napoleon ní Sípéènì lè gbé e sórí tábìlì láìyí nǹkan kan padà.

Ohun mìíràn tí wọn kì í kà mọ́ ọn ni pé ọmọ ogun, ti ẹnì kan ni. Ilẹ̀, ti ẹni méjì ni nígbàkígbà tí wọ́n bá ń ta, ti gbogbo ẹgbẹ́ sì ni bí wọ́n bá kó o sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ pín owó ògiri sórí gbogbo ẹni tó máa sá pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀ láàárín ogún ọdún, ẹ wá sọ fún mi pé ó wọ́n.

Kí ló dé tí mo fi mú résìnì? Ìwúwo rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ fẹ́. Apá aṣọ ẹnì kan kan ilé onípáálí, ilé sún, sójà tó wà lẹ́yìn ògiri lójú kan bọ́ sí gbangba lójú kejì, ìjà sì dé. Fóòmù fúyẹ́ bí páálí, etí rẹ̀ a máa rún, ọ̀dà inú agolo tí wọ́n ń fọ́n sì lè jẹ ẹ́ kó fi ihò sílẹ̀ bí ẹ kò bá kọ́kọ́ fi nǹkan bò ó. Pákó MDF tí wọ́n fi iná lésà gé le, mi ò bá a jà, àmọ́ ara rẹ̀ tẹ́jú: wọ́n ya òkúta sí i lára ni, òkúta kò yọ síta. Ẹ mú igun àlàpà résìnì kan lọ́wọ́. Bíríkì kan yọ ju èkejì lọ, ibi tí bọ́ǹbù ti já ògiri ní eyín wúruwùru, pákó àjà tó ṣẹ́ ṣì kọ́ sára ògiri, ìlà inú igi náà sì ṣeé fi èékánná mọ̀. Ẹ kùn ún ní dúdú, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà eérú, ẹ nù ún sára ìwé títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, ẹ wá máa gbá a lórí ògiri náà fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́. Ibi tó yọ síta nìkan ni yóò mú ọ̀dà. Ẹ da ọ̀dà àwọ̀ ilẹ̀ tí ẹ fi omi là lé e, inú kòtò ni yóò ṣàn sí. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ògiri tẹ́ ẹ fi ọwọ́ mú láàárọ̀ ti di ilé tí ẹnì kan ti gbé rí.

Àwọn tó ní ohun ọ̀lẹ ni, ó yẹ kí wọ́n mọ bí ó ṣe ń di síṣe. Ẹnì kan ló kọ́kọ́ fọwọ́ mọ ògiri yẹn, bíríkì lórí bíríkì, pẹ̀lú amọ̀, fóòmù, P.O.P. tàbí èérún òkúta gidi. Ó da sílíkónì lé e lórí, ó fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kó tó ká a kúrò. Ihò tó kù nínú sílíkónì náà ni mọ́ọ̀dù. Omi résìnì oríṣi méjì ló máa pò pọ̀, àkókò tó ní kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dì, kí wọ́n sì gbóná. Afẹ́fẹ́ tó bá há sínú rẹ̀ á di ihò, nítorí náà àwọn tó mọṣẹ́ a máa gbé mọ́ọ̀dù sínú ìkòkò irin, wọn a fún afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀ títí tí àwọn ihò náà á fi súnkì di aláìrí. Bí ó ṣe ń dà á tó ń yọ ọ́ ni etí sílíkónì ń ya díẹ̀díẹ̀, títí mọ́ọ̀dù á fi kú tí wọ́n á ṣe òmíràn. Iṣẹ́ ọwọ́ gidi nìyẹn, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe é kì í ju ẹnì kan tàbí ẹni méjì lọ nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré. Ẹni tó ra àdìrẹ kò di ọ̀lẹ nítorí pé kì í ṣe òun ló rẹ ẹ́ sínú aró. Ẹni tó sì ra ògiri résìnì ṣì níṣẹ́ láti ṣe: kó gé èyí tó yọ kúrò lẹ́nu mọ́ọ̀dù, kó fi ọṣẹ àti omi lílọ́wọ́ọ́ fọ̀ ọ́, torí bí òróró mọ́ọ̀dù bá kù lára rẹ̀ ọ̀dà á ṣí, kó wá kùn ún.

Mo mọ ibi tí orúkọ burúkú résìnì ti wá. Lọ́dún 2011, Games Workshop mú irin kúrò lára ọ̀pọ̀ ọmọ ogun rẹ̀, ó fi résìnì rọ́pò lábẹ́ orúkọ Finecast, àwọn olùrà sì figbe ta nítorí ihò afẹ́fẹ́ àti idà tó wọ́. Ẹ̀sùn yẹn tọ́. Ṣùgbọ́n ìka ọmọ ogun ni, idà rẹ̀ ni, ohun tí kò nípọn ju ọ̀pá ìṣáná lọ. Ihò tó ba imú akọni jẹ́, bó bá bọ́ sára ògiri tí bọ́ǹbù ti fọ́, ojú ọta ni gbogbo ènìyàn á kà á sí. Àléébù résìnì lára ọmọ ogun kò di àléébù lára ilẹ̀, kò sì yẹ kí ilẹ̀ máa jìyà ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ ogun.

Ewu wà níbẹ̀, mi ò ní bò ó mọ́lẹ̀. Eruku résìnì kò yẹ kó wọ ẹ̀dọ̀fóró ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fẹ́ fi sánpépà ha á, kó fi omi rin ín, kó fi ìbòmú bo imú, kó ṣe é níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé. Ẹni tó ń da á nínú mọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ ṣọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ọ̀kan nínú omi méjèèjì yẹn ní kẹ́míkà tó lè sọ èémí ènìyàn di ìṣòro títí ayé. Bí ògiri résìnì bá já lulẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, ó lè sán. Súpà gúlù ni yóò lẹ̀ ẹ́, gúlù tí wọ́n fi ń lẹ ọmọ ogun oníke kò ràn án. Ó sì wúwo láti gbé wọ bọ́ọ̀sì. Ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi ní kí ẹgbẹ́ ní ilẹ̀ tirẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ta.

Àwọn kan á ní ayé résìnì inú mọ́ọ̀dù ti lọ, pé 3D printer ti wà nínú yàrá. Mi ò bá wọn jà. Ẹni tó bá fi oru mọ́jú tẹ àlàpà jáde lórí ẹ̀rọ rẹ̀, tó gbà kí ìlà kéékèèké hàn lára rẹ̀, ti fi ilẹ̀ ṣíwájú; ẹni tèmi ni. Ohun kan ni mo fẹ́ kó gbọ́: àwọn ẹ̀rọ tó ń lo résìnì olómi, tí ìmọ́lẹ̀ ń mú dì, kì í ṣe ohun tí à ń gbé sí yàrá tí ọmọdé ń sùn. Omi yẹn máa ń ṣe awọ ara ní ìjàǹbá kó tó dì. Ìbọ̀wọ́, fèrèsé ṣíṣí, yàrá ọ̀tọ̀.

Ẹ̀yin olùdíje, tiyín le díẹ̀. Ẹ ní ilẹ̀ tó kún á ṣe ojúsàájú, nítorí náà ẹ sọ gbogbo tábìlì di ọ̀kan náà: ògiri onígun bíi lẹ́tà L, mẹ́rin níhìn-ín, mẹ́rin lọ́hùn-ún, kí òsì jọ ọ̀tún. Kò sí ogun kan láyé yìí tí wọ́n jà lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹ pè ní ìdọ́gba ti gba iṣẹ́ ọ̀gágun kúrò lọ́wọ́ olùta, ó fi iṣẹ́ akọ̀wé sílẹ̀ fún un, kó lọ há ibi tí ògiri kọ̀ọ̀kan wà sórí kó tó kúrò nílé. Ọ̀nà àtijọ́ kan wà tó dọ́gba jù ú lọ: ẹnì kan á to ilẹ̀, ẹnì kejì á yan ìhà tó wù ú. Ẹni tó ń tò kò ní lè rẹ́ni jẹ, torí kò mọ èyí tí wọ́n máa fi sílẹ̀ fún un.

Ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan àwa Yorùbá gan-an. Ogun àwọn òyìnbó amúnisìn ní Áfíríkà jẹ́ ẹ̀ka ńlá nínú eré yìí ní Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, pàápàá láti ìgbà tí ìwé òfin eré The Sword and the Flame ti jáde lọ́dún 1979. Abúlé tí wọ́n sì ń tà fún un, ahéré róbótó ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí ogun Zulu lẹ bá ń ta, ó dáa. Àmọ́ Ìjẹ̀bú lọ́dún 1892 ńkọ́? Ilé wa kì í ṣe róbótó. Ògiri amọ̀ gígùn ni, yàrá tó yí àgbàlá ká, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí òpó dúró níwájú rẹ̀, agbo ilé kan sì lè gba ìran mẹ́ta. Yàrà àti odi wà pẹ̀lú: Erédò Sùńgbọ́ tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 160.

Ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn, àwọn ọmọ ogun ìjọba Gẹ̀ẹ́sì láti Èkó, tí Kọ́nẹ́ẹ̀lì Francis Scott ṣáájú, gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́, wọ́n sì kọjú sí àríwá, sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ìbọn Maxim, tó ń rọ̀jò ọta fúnra rẹ̀, wà lọ́wọ́ wọn. Ibi odò Yemoji, nítòsí Ìmagbọ́n, ni àwọn Ìjẹ̀bú ti dúró dè wọ́n. Ẹ gbé ogun yìí sórí aṣọ aláwọ̀ ewé, ẹ to Ìjẹ̀bú sí apá kan, ẹ to Maxim sí apá kejì. Ohun tí ẹ máa rí ni ogunlọ́gọ̀ ènìyàn tó ń rìn lọ sẹ́nu ikú bí ẹni tí kò ní làákàyè, ẹni tó bá ta á lẹ́ẹ̀kan á sì lọ sílé pẹ̀lú èrò pé bí wọ́n ṣe rí nìyẹn. Ẹ wá tẹ́ ilẹ̀ gidi: igbó kìjikìji lọ́tùn-ún lósì, ọ̀nà tóóró tí àwọn tó ń bọ̀ ní láti tò lẹ́yìn ara wọn gbà, odò tó dábùú rẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ lẹ máa rí i pé ẹni tó yan ibẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe. Ibi tí ìbọn tó jìnnà kò ti ní ríran jìnnà ló yàn. Wọ́n borí Ìjẹ̀bú, òótọ́ ni, wọ́n sì gba ìlú. Ṣùgbọ́n òpè kọ́ ni wọ́n borí. Àwọn àgbà Ìjẹ̀bú ronú, ilẹ̀ sì ni ẹ̀rí ìrònú wọn. Ẹni tó bá yọ ilẹ̀ kúrò ti yọ ọgbọ́n wọn kúrò nínú ìtàn. Nítorí náà ni inú fi máa ń bí mi bí wọ́n bá pe ilẹ̀ ní ẹ̀ṣọ́. Mo fẹ́ kí ẹnì kan mọ agbo ilé kan pẹ̀lú àgbàlá rẹ̀, kó mọ odi ìlú àti yàrà tó wà níwájú rẹ̀, kó dà wọ́n ní résìnì, kó tà wọ́n. Èmi á rà á.

Ní báyìí ná, ẹni tó bá ní ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó fi ìdajì rẹ̀ àti díẹ̀ sí i ra ilẹ̀: ògiri kúkúrú tó tó pín tábìlì sí méjì, àlàpà ilé méjì tí ọmọ ogun lè dúró sí òkè wọn, afárá kan. Kó fi ìyókù ra ọmọ ogun díẹ̀, torí eré tí ọmọ ogun mẹ́wàá-mẹ́wàá tó fún ti wà lórí àtẹ. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ tó ń gba owó oṣù, ẹ dáwọ́ dúró lórí fífi gbogbo rẹ̀ san owó gbọ̀ngàn àti tíì nìkan. Ẹ ra ilẹ̀ kan lọ́dọọdún, ẹ kùn ún pa pọ̀ nírọ̀lẹ́ kan, ẹ kó o sínú kọ́bọ́ọ̀dù tó ní kọ́kọ́rọ́, kí ọmọ tuntun tó bá yọjú pẹ̀lú àpótí ọmọ ogun kan ṣoṣo bá ibi tó lè jà lé lórí.